Bí A Ṣe Ń Kọ Ogun Tó Jọ Ogun Nínú Ìtàn Àròsọ Àwọn Ọ̀dọ́

Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sórí bébà, kì í ṣe akọni. Ẹ fi òkè, odò àti ọ̀nà oko hàn, kí ẹ sì kọ bó ṣe máa pẹ́ tó kí ẹni tó ru ẹrù tó ti ibì kan dé ibòmíràn. Ẹni tó bá ti gun òkè Ẹ̀fọ̀n tàbí ti Òkèmẹ̀sí rí mọ̀ pé èémí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí òkè kì í tó gbólóhùn mẹ́ta. Ọmọ ọdún 15 tó sáré gòkè tán tó tún ń kéwì fún ọ̀tá, ẹ pa á rẹ́.

Ẹ wá ṣírò oúnjẹ. Bí 1,000 jagunjagun bá ń jẹ ìdajì kílò èlùbọ́ lójúmọ́, kílò 500 nìyẹn. Bí alágbàárù kan bá ru kílò 25, ènìyàn 20 ló máa ru ti ọjọ́ kan, àwọn náà á sì jẹun. Ibí gan-an ni ọ̀dọ́ ti wúlò: kó ru ẹ̀tù, kó jíṣẹ́, kó ṣọ́ bùdó lóru. Ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn alájọṣe wọn jà, bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ 1893 ni bùdó tó tú. Ojoojúmọ́ kọ́ ni wọ́n ń jà. Ẹ kọ ìdúró, ebi àti àìsàn.

Ohun ìjà ló máa ń tú àṣírí òǹkọ̀wé. Ṣakabùlà, ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ń ki láti ẹnu, kì í yìn léraléra. Wọ́n á da ẹ̀tù sẹ́nu rẹ̀, wọ́n á fi òwú dí i, wọ́n á ju ọta sí i, wọ́n á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, kí wọ́n tó bu ẹ̀tù díẹ̀ síbi tí iná máa gbà wọlé. Ó tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú fún ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ yá; ọ̀tá tó wà ní 100 mítà á ti dé. Ẹ má sáré kọjá níbẹ̀:

“Ẹ̀tù dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó tún bu òmíràn. Ó gbàgbé òwú.”

Bí òjò bá rọ̀, ẹ̀tù á rin, ìbọn á dákẹ́. Abájọ tí ìbọn tuntun tí wọ́n ń ki láti ìdí, èyí tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà l'Ékòó fi ránṣẹ́ sílé, fi yọ Ìbàdàn lẹ́nu nínú Ogun Kírìjì.

Ní ti ayẹta àti òkígbẹ́, oògùn tí wọ́n fi ń dènà ọta àti àdá, ẹ sọ èèwọ̀ wọn ṣáájú ìjà, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ kó bàjẹ́.

Ẹni tí wọ́n gún nítan kò gbọ́dọ̀ sáré ní orí ìwé tó tẹ̀ lé e. Ọgbẹ́ á wú, ibà lè dé, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má da ẹ̀jẹ̀ sójú ìwé lásán. Ìlà kan tó.

Lẹ́yìn tí ẹ bá parí, ẹ ka ọta tó kù lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó ní mẹ́fà bá ti yìn mẹ́sàn-án, ẹ padà sẹ́yìn.