Bí iṣan gìgísẹ̀ mi ṣe padà bọ̀ sípò

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń tiro lọ sí ilé ìwẹ̀ láràárọ̀. Mo fi òrí pa ẹ̀yìn gìgísẹ̀ òsì títí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ẹni tó ń ṣe físíò, ìyẹn ìtọ́jú ara pẹ̀lú ìdárayá, ló là mí lóye. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun kì í kan eegun gìgísẹ̀ fúnra rẹ̀. Iṣan kan tó yi bí okùn ló so wọ́n pọ̀. Tí ẹran náà bá súnkì, á fa okùn yẹn, gìgísẹ̀ á gbéra, ara á sún síwájú. Èyí tó so eegun mọ́ eegun kí oríkèé má baà yẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Tèmi ò níṣòro. Okùn yìí ló ń dùn mí, ẹ̀jẹ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í tètè san.

Ohun tí mo ṣe nìyí: mo fi iwájú ẹsẹ̀ dúró sí etí àtẹ̀gùn, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì nà sókè, mo gbé ọ̀tún kúrò, mo wá fi òsì nìkan rọra sọ̀ kalẹ̀ títí gìgísẹ̀ fi lọ sísàlẹ̀ ju àtẹ̀gùn lọ. Ìgbà 15, lọ́nà 3, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Mo kọ́kọ́ ṣe é pẹ̀lú orúnkún nínà, kí n tó tún un ṣe pẹ̀lú orúnkún títẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ara yá mí, mo lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ó dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ! Lọ́sẹ̀ keje, mo gbé báàgì ìrẹsì kọ́ ẹ̀yìn kó lè wúwo sí i. Ní báyìí, mo ń dìde láàárọ̀ láì di ògiri mú.