Ẹrù tẹ́ ẹ máa rà fún ìdíje ìbọn ọ̀nà jíjìn

Ẹ̀yin ọmọ Iléṣà tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ fẹ́ máa díje, ẹ má kó gbogbo owó lé ìbọn o, síkóòpù, ìyẹn awò tí wọ́n ń gbé sórí ìbọn, gan-an lẹ máa náwó sí. Ẹ ra èyí tí ìlà inú ẹ̀ àti ibi tẹ́ ẹ ti ń yí i jọ jẹ́ mil, ìyẹn òṣùwọ̀n igun kékeré tí wọ́n fi ń tún ibi tí ọta máa bà ṣe, torí 0.1 mil jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ní mítà 100, ní mítà 800 ó ti di 8, ìṣirò yẹn ò le rárá. Ọta 6.5 Creedmoor dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kì í ti èèyàn léjìká jù. Àwọn bàbá ọdẹ nílé lè ní kí lẹ fẹ́ fi bípọ́ọ̀dù, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì tó máa ń gbé iwájú ìbọn dúró, ṣe, ẹ rà á jàre, pẹ̀lú àpò kékeré tó máa gbé ìdí ìbọn dúró. Ẹ dí etí yín, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí koríko ń fì sí, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kẹ́ ẹ tó yìn ín.