Bó o ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n ń ghost ẹ, àbí sàpá (àìlówó lọ́wọ́) ló mú ẹni ẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ wà ní Tanke, ní Òkè-Odò, ní Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ ghosting yìí, ìyẹn kẹ́ni tẹ́ ẹ jọ ń fẹ́ra kàn dákẹ́ lójijì láìsọ nǹkan kan, ká mi lára gan-an torí mo ń rí bí ọmọ gidi ṣe ń tìtorí ẹni tí ò fèsì méséèjì pa kíláàsì jẹ, kò ní jẹun, fóònù lá máa wò látàárọ̀ dalẹ́.

Orí rizz, ìyẹn ẹnu dídùn tí wọ́n fi ń fa ojú ẹni mọ́ra, ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Rizz tí àwọn oníwèé atúmọ̀ èdè Oxford fi ṣe ọ̀rọ̀ ọdún 2023 yẹn ò burú rárá, ṣebí ẹnu dùn ju iyọ̀ ni wọ́n fi ń ki Ìlọrin. Ohun tó o máa wò ni bóyá ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹnu. Ẹni ẹ ní òun ń bọ̀ wá kí ẹ ní Sátidé, ṣó wá? Bí ò lè wá, ṣóun ló pè, àbí ìwọ lo wá a kiri? Tó bá jẹ́ pé ìgbà tó o bá ti fẹ́ gbàgbé ẹ̀ ló máa fi "báwo ni dear" ránṣẹ́, tó o bá dáhùn á tún wọlẹ̀ lọ, breadcrumbing nìyẹn, bí ẹni ń da àgbàdo díẹ̀díẹ̀ fádìẹ kó má bàa lọ jìnnà. Má bá a jà o. Dá ọjọ́, dárúkọ ibi tẹ́ ẹ ti máa ríra, ká ní Challenge láago mẹ́rin. Tó bá yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láìsí àlàyé gidi, ìdáhùn ẹ̀ nìyẹn.

Ti ghosting ló le jù torí ibẹ̀ la ti máa ń ṣi èèyàn dá lẹ́jọ́. Wo WhatsApp dáadáa. Tíìkì kan ṣoṣo, méséèjì ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó lè jẹ́ dátà ló tán, ó lè jẹ́ iná ni ò sí tí fóònù kú, ó sì lè jẹ́ pé ó ti blọ́ọ̀kù ẹ. Tíìkì méjì tí ò di búlúù, ó ti dé, àmọ́ ìyẹn ò sọ pé kò tíì kà á, torí èèyàn lè pa búlúù tíìkì. Pè é lórí láìnì gangan. Bóyá ó wà ní káǹpù NYSC ní Yíkpátá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ó lè ti rẹ̀ ẹ́.

Ó sì lè jẹ́ sàpá. Ẹ má fi èyí ṣeré, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ló ń sá pamọ́ tówó bá tán, ojú ń tì wọ́n láti sọ pé àwọn ò lówó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí sàpá mú, gbogbo èèyàn ló ń sá fún, kì í ṣe ìwọ nìkan; bi ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá léèrè wò. Ẹni tó ń gbé status lójoojúmọ́, tó ń rẹ́rìn-ín nínú gúrúùpù kíláàsì, tó jẹ́ tìẹ nìkan ni kì í dáhùn, àbúrò mi, ó ti lọ nìyẹn. Kọ méséèjì kan péré: "Mo rí i pé o ò fẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ mọ́. Kò burú. Ó dàbọ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, mú status ẹ̀ kúrò lójú ẹ. Bírékífáàsì yẹn, ìyẹn ìjákulẹ̀ ìfẹ́, á dùn ẹ́, sunkún tẹ́kún bá ń bọ̀, pe ọ̀rẹ́ ẹ kó wá sùn tì ẹ́, má dá wà.

Billing, ìyẹn kéèyàn máa tọrọ owó lọ́wọ́ ẹni tó ń fẹ́, ò gba àlàyé púpọ̀: ẹni tí ò tíì mọlé yín tó ti ń bèèrè urgent 2k, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ní kíákíá, sọ pé kò sí, kó o wá wò ó bóyá á ṣì kí ẹ lọ́jọ́ kejì.

Tí èyí tó pòórá bá wá yọjú lẹ́yìn oṣù mélòó kan pẹ̀lú "o ti gbàgbé mi", ìbéèrè kan ni kó o bi í: kí ló ṣẹlẹ̀? Tó bá sọ ọ́ ní tààrà, gbọ́ ọ. Tó bá fẹ̀rín bò ó, má fèsì mọ́.