Àlùmọ́gàjí Ọlọ́wọ́ Gígùn fún Òdòdó Ọgbà: Yíyàn Rẹ̀ àti Lílò Rẹ̀ ní Èkó

Bí ẹ bá gé òdòdó etí ògiri lónìí, tí ṣóńṣó ewé rẹ̀ sì gbẹ lọ́jọ́ kẹta bí ẹni pé iná rà á, ẹ má tíì dá oòrùn lẹ́bi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin tí ẹ fi gé e ni kò mú. Kò gé ewé náà, ṣe ló fà á ya.

Láti Gbàgádà dé Súrùlérè, àdá ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá wa tọ́jú òdòdó ń lò. Àdá yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní irin kejì tí yóò di ẹ̀ka mú kó tó gé e. Ẹ̀ka wẹ́wẹ́ á tẹ̀ síwájú àdá, èèpo rẹ̀ á bó, ojú ọgbẹ́ á sì ṣí sílẹ̀. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje, nígbà tí òjò kì í jẹ́ kí ewé gbẹ, ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àrùn ń gbà wọ inú igi. Àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ gígùn ni irinṣẹ́ tó yẹ iṣẹ́ yìí, bó bá jẹ́ èyí tó dára ni ẹ rà, tí ẹ sì ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù

Nọ́ọ̀tì àárín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ bóòtì àti nọ́ọ̀tì tí sípánà lè tú, tó sì lè fún pọ̀. Èyí tí wọ́n kàn pa ní àárín, tí kò ṣeé tú, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Nígbà tó bá yá, àárín rẹ̀ á rọ̀, irin méjèèjì á máa jìnnà síra wọn, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i, ẹ gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ máa pa á dé díẹ̀díẹ̀. Irin tó dára kì í fara kan èkejì rẹ̀ látìdí dé ṣóńṣó lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú kan péré ni wọ́n ti ń pàdé, ojú ìpàdé yẹn á sì máa rìn lọ sí ṣóńṣó bí ẹ ṣe ń pa á dé. Bí ṣóńṣó méjèèjì kò bá kan ara wọn, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Ẹ mú abala ìwé ìròyìn kan dání lọ, ẹ fi ínṣì 2 tó gbẹ̀yìn lára irin náà gé e. Bó bá gé e geere, ó dára. Bó bá ká ìwé náà mọ́ àárín irin, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe máa ká ewé.

Ní ti gígùn, irin tó tó ínṣì 8 sí 10 ti tó fún ọgbà ilé. Gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ á wà ní nǹkan bí ínṣì 20 sí 24, kó sì wọn nǹkan bíi kílò 1. Èyí tó bá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, apá yóò ti ro yín kí ẹ tó gé e dé ìdajì ògiri, ibi tí apá bá ti ń ro ni ìlà sì ti ń wọ́. Ẹ wá rọ́bà kékeré tó wà láàárín ọwọ́ méjèèjì, nítòsí nọ́ọ̀tì. Rọ́bà yẹn ló ń gba ìkọlù nígbà tí irin bá pa dé. Bí kò bá sí, ọrùn ọwọ́ ni yóò gbà á.

Àwọn kan wà tí ojú irin wọn rí kólokòlo. Wọ́n máa ń di ẹ̀ka mú dáadáa, kò ní yọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣòroó pọ́n. Fún ẹni tó fẹ́ máa pọ́n tirẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tó tọ́ gbọnrangandan ló dára jù. Bí ihò kékeré bá wà nídìí irin náà, ibẹ̀ ni ẹ óò ti máa gé ẹ̀ka tó ki díẹ̀.

Irin tí kì í dípẹtà wà, irin lásán náà sì wà. Irin lásán máa ń mú jù, mímú rẹ̀ sì máa ń pẹ́ lára rẹ̀. Àmọ́ ní Ìkòyí àti Victoria Island, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà àti òkun ń gbé iyọ̀ wá, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní tútù mọ́jú, ẹ lè bá ìpẹtà lára rẹ̀ láàárọ̀. Bó bá dá yín lójú pé ẹ óò máa nù ún, tí ẹ óò sì máa fi ọ́ìlì pa á, irin lásán ni kí ẹ rà. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ ra èkejì. Ọwọ́ onígi rọ àtẹ́lẹwọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n òjò máa ń mú un wú, ọ̀gbẹlẹ̀ á tún mú un sún kì, títí irin á fi máa mì nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ onígi, kí òrùka irin wà níbi tí igi ti pàdé irin.

Kí ẹ tó gé e

Ẹ fi ọ̀pá gígùn gbọn òdòdó náà láti òkèèrè, kí ẹ dúró wò ó. Agbọ́n fẹ́ràn àárín òdòdó bí ìsórà àti bougainvillea gan-an ni. Ẹ wo òkè ògiri pẹ̀lú: wáyà iná tí wọ́n nà sórí ògiri kì í ṣe ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fi irin gígùn sún mọ́ nígbà tí iná bá wà nínú rẹ̀.

Ẹ mọ irú òdòdó tí ẹ fẹ́ gé. Olómi-ojò, èyí tó máa ń yọ òdòdó yẹ́lò, ní oje funfun tó jẹ́ májèlé, gbogbo ara igi náà sì ni májèlé yìí wà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ lo jígí ojú, ẹ má sì fi ẹ̀ka tí ẹ gé sílẹ̀ níbi tí ewúrẹ́ tàbí ọmọdé lè dé. Oje igi fíkọ́ọ̀sì náà máa ń yún ara àwọn kan.

Ẹ jẹ́ kí omi gbẹ lára ewé. Ewé tútù máa ń yọ̀ lẹ́nu irin, omi sì ń gbé àrùn láti igi kan dé èkejì. Lásìkò oòrùn, nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Ewé inú tó ti ń gbé lábẹ́ òjìji yóò fara hàn lẹ́yìn gígé, bó bá sì jẹ́ oòrùn ọ̀sán ló kọ́kọ́ pàdé, yóò jó.

Gígé rẹ̀

Ẹ ri ọ̀pá méjì mọ́lẹ̀, kí ẹ ta okùn tí àwọn bíríkìlà fi ń to búlọ́ọ̀kù láàárín wọn ní gíga tí ẹ fẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú lásán. Ojú máa ń tẹ̀ lé ilẹ̀, ilẹ̀ Èkó kì í sìí fi bẹ́ẹ̀ tẹ́jú.

Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ohun tí ẹ bá gé lè máa bọ́ sílẹ̀ kúrò lójú iṣẹ́. Ìdí òdòdó gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ. Bó bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kí orí rẹ̀ fi ínṣì 3 sí 4 wọlé ju ìdí lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn kì í kà sí, òun ló sì ń ba ọgbà jẹ́ jù. Bí orí bá fẹ̀, yóò ṣíji bo ìdí, ewé ìdí á rẹ̀ dànù, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í rí igi gbígbẹ àti ihò tí ajá ń gbà kọjá. Ìdí tó ti pá bẹ́ẹ̀ kì í tètè rú padà, àfi kí ẹ gé orí rẹ̀ wálẹ̀ gan-an kí oòrùn lè dé ibẹ̀.

Ní ti ọwọ́, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kan dúró jẹ́ẹ́, kí èkejì máa ṣí, kó máa pa dé. Bí ọwọ́ méjèèjì bá ń jù, ìlà kò ní tọ́. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ sún mọ́ ìhà, kí ẹ máa gé díẹ̀díẹ̀, kí irin sì sùn gbalaja lórí òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn.

Ẹ̀ka tó bá ki ju bírò lọ kì í ṣe ti irinṣẹ́ yìí. Àlùmọ́gàjí kékeré ọlọ́wọ́ kan tàbí ayùn ni kí ẹ fi gé e. Ẹni tó bá fi agídí lọ́ irin mọ́ ẹ̀ka tó nípọn, irin á tẹ̀, bóòtì á wọ́, láti ọjọ́ náà ni àlùmọ́gàjí á ti máa ká ewé.

Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta òdòdó náà lọ lẹ́ẹ̀kan. Òdòdó tí wọ́n ń pè ní yellow bush kò ní ewé tó pọ̀ nínú. Ewé yẹ́lò rẹ̀, ibi tí oòrùn ti ń kàn án ló wà. Bí ẹ bá gé e dé igi, ojú pípá ni ẹ óò máa wò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìsórà ní tirẹ̀, ṣóńṣó ẹ̀ka ló ti ń yọ òdòdó. Ẹni tó ń gé e lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ewé nìkan ni yóò máa rí. Ẹ jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ gbó kí ẹ tó gé e. Lásìkò òjò, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta síra wọn dára. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó. Gígé tó wọlé gan-an, ẹ fi í di oṣù kẹrin tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe é nínú ọyẹ́.

Ẹ kó ohun tí ẹ gé sínú àpò fún àwọn PSP tó ń kó ìdọ̀tí. Bí wọ́n bá gbá a sínú gọ́tà, ọ̀nà omi ló ń dí.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ fi àkísà tí ẹ rẹ sínú kẹrosíìnì díẹ̀ nu oje kúrò lára irin, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ kán ọ́ìlì màṣíìnì ìránṣọ sí nọ́ọ̀tì àti ojú irin. Bí òdòdó kan bá ní àrùn, ẹ fi sípíríìtì nu irin kí ẹ tó bọ́ sórí òmíràn. Ẹ má lo omi tí wọ́n fi ń bó aṣọ funfun, ó ń jẹ irin.

Bí ojú irin bá ti kú, ẹ tú àlùmọ́gàjí náà. Ẹ̀gbẹ́ tó dàgẹ̀rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi fáìlì pọ́n, láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹ tẹ̀ lé bí ó ti dàgẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má pọ́n ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú. Bí ẹ bá pọ́n ọ̀hún, àyè á ṣí sílẹ̀ láàárín irin méjèèjì, kò sì ní gé nǹkan kan mọ́. Ṣe ni kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ yẹn lélẹ̀ pẹrẹsẹ lórí òkúta ìpọ́nbẹ, kí ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹ̀rún irin lè bọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó padà, ẹ di ọwọ́ kan mú ní ìbú, ẹ gbé ọwọ́ kejì sókè, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá já lulẹ̀ gbì, ẹ fún nọ́ọ̀tì pọ̀ sí i. Bí kò bá mì rárá, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bó bá rọra sọ̀ kalẹ̀, ó ti tó. Bí nọ́ọ̀tì bá sì ń rọ̀ ṣáá nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, wáṣà rẹ̀ ló ti jẹ: ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ọ̀tì kejì tì í lẹ́yìn.