Kí ẹ tó lọ gba ìwé kóòtù ní Houston

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó gbàgbé. Ní Harris County, níbi tí Houston wà, ọ́fíìsì méjì ló ń tọ́jú ìwé. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ wà lọ́dọ̀ District Clerk. Ìwé ìgbéyàwó, ti ilé àti ti ogún wà lọ́dọ̀ County Clerk. Mo ti tò sórí ìlà tí kì í ṣe tèmi rí, ọjọ́ iṣẹ́ kan sì bá a lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ yín lórí ìkànnì wọn, kí ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ sílẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ má tíì sọ̀rètí nù: orúkọ àwa Yorùbá kì í bọ́ lọ́wọ́ wọn láìfarapa. Ẹ gbìyànjú Oluwaseun, Oluwa Seun, kí ẹ tún fi orúkọ bàbá síwájú. Bí ẹni tó fẹ́ ìwé náà bá ní olóòǹtẹ̀ lòun fẹ́, èyí tí ẹ tẹ̀ jáde nílé kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ ó sanwó fún ti kóòtù.

Ti gbèsè tó di bankruptcy kò sí níbẹ̀ rárá. Kóòtù ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, orí PACER, ìkànnì ìwé àwọn kóòtù náà, ni ẹ ó ti rí i, sẹ́ǹtì 10 lójú ewé kan. Bí owó ewé tí ẹ jẹ wọ́n kò bá ju dọ́là 30 lọ láàárín oṣù mẹ́ta, wọn kì í gbà á.