Àlìkámà tí wọ́n ti yí padà, àti ara tó kọ̀ ọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Mo máa ń jẹ búrẹ́dì dáadáa, kò sóhun tó ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti jẹ sọ́séèjì kan báyìí tí ètè mi wú, tí gbogbo ara sì ń yún mi. Ohun tí mo rí lára páálí rẹ̀ ni "hydrolyzed wheat protein". Ṣé àlìkámà kan náà kọ́ ni?

Ìdáhùn: Àlìkámà ni, àmọ́ ojú tó fi wọ ilé iṣẹ́ kọ́ ló fi jáde. Ẹ po ìyẹ̀fun àlìkámà díẹ̀, kí ẹ máa fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn. Sítáàṣì á bá omi lọ ní funfun, ohun tó máa kù sí yín lọ́wọ́ á máa fà bíi rọ́bà. Glúténì nìyẹn, àpapọ̀ oríṣi purotéènì méjì: gliadin àti glutenin. Òun ló ń gbé búrẹ́dì dìde, àmọ́ kì í yòrò nínú omi, èyí ò sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi mú ọ̀rá àti omi inú sọ́séèjì dì mọ́ra. Ni ilé iṣẹ́ á bá fi ásíìdì sè é, tàbí kí wọ́n fi ẹ́ńsáìmù gé e wẹ́wẹ́. Ohun tí páálí yín ń pè ní "hydrolyzed" nìyẹn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Amino ásíìdì ni ẹyọ kéékèèké tí a fi kọ́ purotéènì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó wà nínú glúténì ló sì jẹ́ glutamine. Tí ásíìdì bá dé, á já ẹyọ kékeré kan tó ní náítrójìn kúrò lára glutamine, ẹyọ náà á di ammonia, glutamine fúnra rẹ̀ á sì di glutamate. Ìwọ̀n tí méjèèjì fi ju ara wọn lọ kò tó ìwọ̀n átọ́ọ̀mù háídrójìn kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n glutamine kò gbé iná dání rárá, glutamate gbé iná nẹ́gẹ́tíìfù dání. Lójú ara, àlejò mìíràn ló wọlé yẹn. Àwọn kan wà tí èròjà ìjà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, èyí tó ń jẹ́ IgE, kò ka glúténì inú búrẹ́dì sí, tó jẹ́ pé èyí tí wọ́n ti yí padà ló ń bá jà. Ó jọ pé irú wọn lẹ jẹ́, àmọ́ dókítà ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ìbéèrè: Dókítà ti ṣe àyẹ̀wò àlẹ́jì àlìkámà fún mi, wọ́n ní kò sí. Ṣé mo ń fojú inú wò ó ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Àyẹ̀wò náà lè má parọ́, kó jẹ́ pé ẹlòmíì la ní kó wá. Àlìkámà lásán ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, tí IgE yín bá sì mọ ojú tuntun nìkan, kò ní dá ti àtijọ́ mọ̀. Ẹ mú páálí oúnjẹ náà dání, kí ẹ mú oúnjẹ ọ̀hún gan-an lọ bá oníṣègùn àlẹ́jì. Wọ́n lè fi ohun tí ẹ jẹ gangan dán awọ ara yín wò níbẹ̀. Ẹ má dán an wò nílé. Tí ọ̀fun bá ń fún, tí èémí bá ń há, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe oògùn àlẹ́jì tó ń múni sùn.

Ìbéèrè: Èmi ò tilẹ̀ jẹ ẹ́. Inú ìpara àti ọṣẹ ìfọjú ni mo ti rí orúkọ yẹn. Ṣé ohun tí a fi pa ara lè dé inú?

Ìdáhùn: Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, lórílẹ̀-èdè Japan. Ọṣẹ ìfọjú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi purotéènì àlìkámà tí ásíìdì ti yí padà sí. Àwọn èèyàn ń fi fọ ojú lójoojúmọ́, ó ń gba awọ ara àti ẹyinjú wọlé díẹ̀díẹ̀, ara sì ń kọ́ bí yóò ṣe bá a jà. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ti ń jẹ búrẹ́dì àti núdù láti kékeré á jẹ ẹ́ tán, á sáré díẹ̀, ìpéǹpéjú á wú, ara á lé, ẹlòmíì á dákú. Wọ́n kó ọṣẹ náà kúrò lọ́jà ní 2011, iye àwọn tí wọ́n fìdí ọ̀rọ̀ wọn múlẹ̀ sì ju 2,000 lọ.

Ẹ kíyè sí i pé ti àwọn wọ̀nyí yàtọ̀ sí ti ẹni tó bi wá ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Ojú tuntun ni ara wọn kọ́kọ́ mọ̀, ó wá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àlìkámà lásán pẹ̀lú. Títóbi ègé purotéènì náà wà lára ohun tó fà á: èyí tí wọ́n gé kéékèèké gan-an kì í sábà rí ìjà fà. Ìdí nìyẹn tí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ṣòfin ní 2017 pé ègé purotéènì àlìkámà inú ohun ìpara kò gbọdọ̀ ju 3.5 kDa (kilodalton, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn purotéènì) lọ ní ìpíndọ́gba. Tí awọ ojú yín bá ti bó tàbí tó ń yún yín tẹ́lẹ̀, èmi ní tèmi á ní kí ẹ yẹra fún un pátápátá. Ìpara pọ̀ lọ́jà.

Ìbéèrè: Tèmi kì í ṣe àlẹ́jì, celiac ni. Ṣé mo lè wá àlìkámà tí wọn ò fi ásíìdì kàn, kí n máa jẹ ẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Celiac ni àìsàn tí glúténì fi ń mú kí ara bá awọ ìfun tirẹ̀ jà. Iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ fi ásíìdì ṣe, ìfun yín ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Glúténì kún fún amino ásíìdì kan tó ń jẹ́ proline, ẹ́ńsáìmù inú ikùn kì í sì lè gé ibi tí proline bá ti pọ̀. Ègé kan wà lára gliadin tó gùn tó amino ásíìdì 33, tó ń la ikùn kọjá láìfọ́. Àwọn onímọ̀ gbé e jáde ní 2002. Ó dé ìfun kékeré, ó wọ abẹ́ awọ ìfun. Ẹ́ńsáìmù kan wà níbẹ̀, transglutaminase, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti tún ibi tó bá ya ṣe. Bó bá kan gliadin, á sọ àwọn glutamine kan di glutamate. Kì í ṣe gbogbo wọn o, ó ń ṣa wọn: bí i glutamine tó fi amino ásíìdì kan jìnnà sí proline.

Àwọn tó ní celiac, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló jogún purotéènì tó ń jẹ́ HLA-DQ2 tàbí HLA-DQ8. Ẹ rò ó bí àwo tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé ẹran àjèjì han àwọn ọmọ-ogun ara. Àwo yìí ní kòtò tó fẹ́ràn iná nẹ́gẹ́tíìfù. Glutamine a máa yọ̀ bọ́ níbẹ̀. Glutamate a jókòó pa. Ó pẹ́ lórí àwo, sẹ́ẹ̀lì T, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ogun náà, rí i, ó figbe ta, ogun bẹ̀rẹ̀, awọ ìfun sì ni pápá ogun náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara á tún máa bá transglutaminase tirẹ̀ jà; ní 1997 ni wọ́n ṣàwárí pé òun ni ara ń bá jà.

Àwọn tó ní DQ2 tàbí DQ8 tí wọn ò ní celiac láéláé ló pọ̀ jù, nítorí náà jíjogún rẹ̀ nìkan kọ́ ló ń fà á.

Ìbéèrè: Bí mo bá yan àlìkámà gbẹ tàbí kí n jẹ́ kó kan dáadáa ńkọ́?

Ìdáhùn: Iná ààrò kì í pa glúténì. Kíkan máa ń gé díẹ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ búrẹ́dì kíkan lásán ṣì ní glúténì tó pọ̀ ju ohun tí ẹni tó ní celiac lè jẹ.

Ìbéèrè: Mo fi ohun èlò àyẹ̀wò glúténì wo ọbẹ̀ inú agolo kan, kò rí nǹkan kan. Síbẹ̀ inú mi dàrú títí di ọjọ́ kẹta.

Ìdáhùn: Inú lè dàrú nítorí ohun mìíràn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun èlò náà lè ṣì wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ọwọ́ méjì di purotéènì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá ti gé e wẹ́wẹ́, ọwọ́ kan á dì í mú, èkejì ò ní rí nǹkan dì. Tí glutamine ibẹ̀ bá sì ti di glutamate, ọwọ́ àkọ́kọ́ gan-an lè má dá a mọ̀. Ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé, ní oúnjẹ "gluten-free" kò gbọdọ̀ ní ju 20 mg/kg lọ. Nọ́ńbà náà dára, àmọ́ ẹni tó bá lè ka ohun tó wà níbẹ̀ ló wúlò fún. Ìdí nìyẹn tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fi sọ ní 2020 pé fún oúnjẹ tí wọ́n jẹ́ kó kan tàbí tí wọ́n gé purotéènì rẹ̀, àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ pé kò sí glúténì níbẹ̀ kí wọ́n tó gé e ni wọn yóò wò. Nítorí náà ẹ ka ara agolo yẹn kí ẹ tó gba ohun èlò gbọ́.

Ìbéèrè: Lórí bébà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi, mo rí "deamidated gliadin". Èyí náà ni?

Ìdáhùn: Òun gan-an ni. Wọ́n ń wò ó bóyá ara yín ti ń ṣe èròjà ìjà sí gliadin tó ti yí ojú padà. tTG-IgA, èyí tó ń wá èròjà ìjà sí transglutaminase, ni wọ́n sábà kọ́kọ́ ń ṣe, pẹ̀lú àpapọ̀ IgA yín (IgA àti IgG jẹ́ ẹ̀yà èròjà ìjà bíi IgE), nítorí ẹni tí IgA rẹ̀ kò tó, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ lè sọ pé kò sí nǹkan. Níbẹ̀ ni ti deamidated gliadin, ẹ̀yà IgG, ti máa ń wúlò. Kìkì pé ẹ gbọ́dọ̀ ṣì máa jẹ glúténì kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ náà. Bí ẹ bá ti dá a dúró láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ẹ sọ ọ́ fún dókítà ṣáájú kí abẹ́rẹ́ tó kàn yín.