Àwọn àṣìṣe tó ń sọ owó ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ṣúgà di gbèsè sí wa lọ́rùn ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi réésà gé oògùn BP, ìyẹn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, sí méjì mọ́. Mo mọ̀ pé oògùn ti wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí àǹtí mi ní Ìgbógbó ṣe gan-an nìyẹn, ó ní kí páálí kan lè gbé òun dé oṣù méjì, ló bá ń gé e ní ìdajì ìdajì sínú ọ̀rá kékeré kan tó máa ń so mọ́ etí ìró ẹ̀, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó fẹ́ gbé tíì, kọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ká tó wò ó, ẹnu ẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀. Owó tá a kọ́kọ́ san kí ọsibítù tó gbà á sórí bẹ́ẹ̀dì ju owó oògùn ọdún kan lọ, títí dòní ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ò tíì lè mú ṣíbí dáadáa. Tówó ò bá tó, sọ fún dókítà kó bá ẹ pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tówó ẹ̀ rọ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àwọn míì á ní nọ́ọ̀sì ti sọ pé BP àwọn ti wálẹ̀, wọ́n á dáwọ́ oògùn dúró. Oògùn yẹn ló mú un wálẹ̀ o! Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo, BP èèyàn lè ga dé 180 lórí 110 kó máa nájà ní Sábó kí orí má sì fọ́ ọ rárá, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹ kídìnrín lábẹ́lẹ̀. Tí kídìnrín bá sì ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló sábà máa ń yẹ kí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún, mélòó nínú wa ló lè san án?

Ẹ má sì máa lé orúkọ ara páálí. Nígbà tí iléeṣẹ́ apoògùn GSK kéde ní 2023 pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, Ventolin, oògùn ásímà tí wọ́n ń fà sẹ́nu, di góòlù, àwọn tó ní ásímà ń wá a kiri, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé àwọn lè béèrè salbutamol tí iléeṣẹ́ míì ṣe, oògùn kan náà sì ni. Orúkọ oògùn gangan ni kó o bi wọ́n ní fámásì, amlodipine ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni àbí metformin ti ṣúgà, kí wọ́n fún ẹ ní èyí tó mọ níwọ̀n tó sì ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ yéé rà á nínú bọ́ọ̀sì.

Kẹ́ ẹ dín iyọ̀ àti Maggi kù, ẹ ti mọ̀yẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti insúránsì ìlera. Àwa tá à ń dájọ fún alájọ lójoojúmọ́, tí wọ́n bá dárúkọ insúránsì a ó ní a ò ní ṣàìsàn lágbára Ọlọ́run. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ di dandan láti 2022, Gómìnà Sanwó-Olú náà fọwọ́ sí ti Èkó ní 2024, Ìlera Èkó ni wọ́n ń pe tiwa. Ìgbà tára ṣì le ni kó o forúkọ sílẹ̀, kó o sì bi wọ́n kó o tó sanwó: ṣé oògùn oṣooṣù wà nínú ẹ̀, ọsibítù wo ni mo lè lò nítòsí ilé?